Ohun Tó Gba Èémí Alhaji Ṣéhù

Láàárín apẹ̀rẹ̀ obì tirẹ̀ ni wọ́n ti bá òkú Alhaji Ṣéhù. Ó dojú bolẹ̀, fìlà rẹ̀ ṣì wà lórí, adìyẹ kan sì kú sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni, ọyẹ́ ń fẹ́, àwọn gbaka tó ń kó èrò lọ sí Adjamé ti ń pe èrò lójú títì. Kí oòrùn tó yọ, gbogbo Anyama ti gbọ́ pé bàbá kú. Kí oòrùn tó ga, gbogbo Anyama ti mọ ẹni tó pa á. Ẹ̀yin náà mọ bí àdúgbò ṣe rí: ọlọ́pàá ló ń wádìí ọ̀rọ̀, àwọn aládùúgbò ti máa ń mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Rahmatou ni wọ́n dárúkọ. Opó kékeré ni, láti Parakou ló ti wá, ilé Alhaji ló sì fẹ̀yìn tì látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Òun ló ń se kókò, ìyẹn ẹ̀kọ jéró, fún bàbá láràárọ̀. Lọ́jọ́ náà, ó gbé e wá bó ṣe máa ń gbé e wá. Bàbá fẹnu kàn án lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ó ti gbóná jù, kó gbé e sílẹ̀ kó tutù díẹ̀, ló bá wọ yàrá obì lọ. Rahmatou dúró títí, kò rí i kó jáde, ó rò pé kò mu ún mọ́. Nígbà tí wọ́n fi máa figbe ta, ó ti da èyí tó kù nù, ó sì ti fọ abọ́.

Abọ́ fífọ̀ yẹn ló kó bá a. Wọ́n ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í sáré fọ abọ́. Àwọn ọlọ́pàá gbé e lọ, ọmọ tó ń fún lọ́mú sì kù sọ́wọ́ Grâce, aládùúgbò rẹ̀. Wọ́n ní tó bá di ọ̀túnla, wọ́n á mú un lọ síwájú procureur, agbẹjọ́rò ìjọba. Ẹni tó bá débẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀sùn májèlé lọ́rùn, ẹ̀wọ̀n ló kàn, ọmọ yóò sì já lẹ́nu ọmú láìtó àkókò.

Inspẹ́kítọ̀ Ẹ̀rínọlá ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà rán. Àwọn òbí rẹ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Treichville ni wọ́n bí i sí, Riviera ló ń gbé báyìí. Ó gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Tó bá ń sọ ọ́, Faransé á máa yọjú láàárín bí ọmọdé tí kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbádùn àlejò. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mú, ojú tó mú kò sì nílò ògbufọ̀. Sájẹ́ǹtì Ignace, ọmọ Bouaké kan tó sanra, ló máa ń tẹ̀lé e. Ènìyàn rere ni Ignace, ebi nìkan ni ọ̀tá rẹ̀.

Ilé ìwòsàn tí òkú wà ni wọ́n kọ́kọ́ yà sí. Dókítà ní kò sí èébì, kò sí ọgbẹ́, àti pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yóò pẹ́ kó tó jáde. Ẹ̀rínọlá gbé ọwọ́ òkú náà sókè. Èékánná bàbá ló ń wò. Abẹ́ èékánná náà dúdú bí ẹni pé wọ́n ki ìka rẹ̀ bọ aró, inú ètè náà bẹ́ẹ̀.

Ó ti rí àwọ̀ yẹn rí. Nígbà tó bí ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ náà kò ké. Èékánná rẹ̀ tíntìntín rí báyìí gẹ́lẹ́, títí wọ́n fi ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sí i nímú, tí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ń gbà á wọlé, tí pupa sì ń padà síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ yẹn ti ń lọ sí iléèwé báyìí, ó sì ń bá ìyá rẹ̀ jiyàn lórí gbogbo nǹkan. Síbẹ̀, tó bá ti sùn, Ẹ̀rínọlá ṣì máa ń tan iná fóònù, á wo èékánná rẹ̀ kóun náà tó lọ sùn. Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

"Bàbá yìí kò rí afẹ́fẹ́ mí," ó sọ fún Ignace nígbà tí wọ́n wọ mọ́tò.

"Ṣé wọ́n fún un lọ́rùn ni, Chef?" Ignace bi ọ̀gá rẹ̀.

"Ọrùn rẹ̀ mọ́. Ìyẹn gan-an ló ń dà mí láàmú."

Yàrá obì náà kò tóbi. Apẹ̀rẹ̀ obì kún un láti ilẹ̀ dé ìsàlẹ̀ àjà, ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo ló wà láàárín. Òkúta kan so mọ́ okùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí ilẹ̀kùn lè máa pa ara rẹ̀ dé tí ènìyàn bá ti wọlé, nítorí ewúrẹ́ Anyama kò gbà pé obì kì í ṣe tiwọn. Fèrèsé méjèèjì wà ní ṣíṣí gbayawu.

Ẹ̀rínọlá gbé adìyẹ tó kú, ó fi ọ̀bẹ la àpò ọ̀fun rẹ̀. Àgbàdo gbígbẹ nìkan ló bá níbẹ̀. Ignace sún apẹ̀rẹ̀ kan, ó rí eku méjì lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n gan pa, ara wọn kò lọ́gbẹ́.

"Chef," Ignace wí, "ṣé àwọn eku náà mu kókò ni?"

Ẹ̀rínọlá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ apẹ̀rẹ̀. Nínú ọyẹ́ tí ètè gbogbo ènìyàn ń là yìí, obì Alhaji ń làágùn, omi wà lára rẹ̀ wínníwínní. Kò sì rí ewé kankan nínú apẹ̀rẹ̀. Obì tí ó máa ń rí lọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò Treichville láti kékeré, inú ewé ni wọ́n máa ń dì í sí. Ó wo fèrèsé. Eruku bo ògiri yí fèrèsé ká, àfi ojú ìlà fífẹ̀ kan tó mọ́ roro lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí nǹkan ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ níbẹ̀.

Ó fi èékánná la obì kan. Kòkòrò kékeré kan wà nínú rẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ jọ, kò mira. Ó la òmíràn, bákan náà. "Dì wọ́n sínú ìwé ìròyìn," ó sọ fún Ignace. Ignace dì wọ́n, ó sì ki wọ́n bọ àpò.

Àṣàbí, àbúrò olóògbé, ló kọ́kọ́ gbà wọ́n lálejò nínú àgbàlá. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Ẹ fún wa ní òkú wa ká sin ín," ó wí. "Àwa Mùsùlùmí kì í gbé òkú pamọ́ bí ẹja. Wọ́n ní ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa ni ọ́, ọmọ ta ni ọ́ ná?"

Ẹ̀rínọlá dárúkọ agboolé bàbá rẹ̀. Àṣàbí mi orí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ díẹ̀.

"Màmá, ẹ ṣe pẹ̀lẹ́," Ẹ̀rínọlá wí. "Ẹ ó rí wọn sin, mo ṣèlérí. Ta lẹ rò pé ó ṣe é?"

"Ṣé ó tún ku ẹni tí mo máa rò? Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà. Ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún un ni. Ẹ̀gbọ́n mi fi aṣọ bò ó, ó fi ilé bò ó, ó tún fi orúkọ ara rẹ̀ sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Wo bó ṣe san án."

"Ọmọ Rahmatou ń jẹ́ Ṣéhù?"

"Ṣéhù ló ń jẹ́." Àṣàbí nu ojú. "Ẹ̀gbọ́n mi máa ń pọ̀n ọ́n lójú gbogbo ayé. Mo ní kò bójú mu, ó ní ẹ̀yìn òun ni, kì í ṣe tèmi."

Ẹ̀rínọlá kò mọ ìgbà tó rẹ́rìn-ín, Àṣàbí náà fẹ́ rín, ó tún rántí, ó bú sẹ́kún.

Taïrou ni wọ́n tún lọ bá, nítorí òun àti olóògbé jọ jà ní gbangba ọjà kí Alhaji tó rìnrìn àjò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Oníṣòwò obì ni òun náà, àwọn tí àwọn Dyula ń pè ní worotigi. Ó ń di obì lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n dé. Kò dúró.

"Mo ti ń retí yín, Màdámù," ó wí. "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Èmi ni àjẹ́ náà. Ẹ jókòó."

"Kí lẹ jà lé lórí?"

"Ìyẹ̀fun. Kòkòrò ń jẹ obì wa run lọ́dún yìí. Èmi bu ìyẹ̀fun apakòkòrò sí tèmi. Alhaji ní ohun tí ènìyàn máa ki bọnu, òun ò ní bu májèlé sí i láé, ó sì la obì mi níṣojú àwọn oníbàárà kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ."

"Ṣé ìyẹ̀fun yín lè dé inú yàrá rẹ̀?"

"Ẹ lọ gbóòórùn ibẹ̀. Òórùn rẹ̀ kì í fara pamọ́. Kòkòrò tó bá sì jẹ ẹ́, ó jẹun ìkẹyìn nìyẹn."

Ẹ̀rínọlá ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ewé fífẹ̀ tútù ni Taïrou ń tẹ́ sínú apẹ̀rẹ̀, ó da obì lé e, ó tún fi ewé bò ó.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ewé? Pourquoi pas náílọ́ọ̀nù? Ṣé kò lè ṣe é ni?"

Taïrou wò ó bí ẹni tó béèrè ìdí tí wọn kì í fi aṣọ òtútù wọ ẹja. "Náílọ́ọ̀nù? Obì á bínú, á gbóná, á làágùn, á jẹrà. Ewé ni aṣọ obì. Bó o dì í tán, wàá tún máa yí i lóòrèkóòrè kó lè rí atẹ́gùn. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn, bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn bàbá wa nìyẹn. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí rẹ̀ fún wa, àwa náà ò béèrè."

Nínú àtìmọ́lé, Rahmatou jókòó sórí ilẹ̀, ó fi ìborùn bo àyà. Wàrà ti rin aṣọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ ló fi pàdé wọn.

"Anty, ṣé ó ti jẹun? Grâce mọ̀ pé kì í fẹ́ ṣíbí. Ìka ni kó fi máa bu oúnjẹ sí i lẹ́nu."

Ẹ̀rínọlá jókòó tì í nílẹ̀. Ignace yí ojú sí ògiri.

"Ó jẹun. Mo yà wò ó. Ó sunkún díẹ̀, ó sì sùn. Rahmatou, ìgbà wo ni bàbá dé láti Ògbómọ̀ṣọ́?"

"Alẹ́ tó ṣáájú. Kò sẹ́ni tó ń retí rẹ̀, ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ní ó máa dé. Mo gbọ́ ìró bàtà rẹ̀, mo ṣílẹ̀kùn fún un. Ó ní kí n má jí ẹnikẹ́ni, kí n má jí Bàsìt ọmọ òun, ọmọ náà ti ṣiṣẹ́. Ó ní tí ilẹ̀ bá ti mọ́, òun á kọ́kọ́ lọ kí obì òun."

"Kọ́kọ́rọ́ yàrá obì ń kọ́?"

"Ọwọ́ Bàsìt ló wà nígbà tí bàbá ò sí. Ṣùgbọ́n bàbá ní tirẹ̀ lápò." Ó gbé ojú sókè. "Anty, bàbá kan ṣoṣo tí mo ní láyé nìyẹn. Kí ni mo máa wá pa á fún?"

"Mo mọ̀," Ẹ̀rínọlá wí.

Bàsìt, ọmọ kan ṣoṣo tí Alhaji bí, ló kọ́kọ́ rí òkú bàbá rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ìwà rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ìyá àdúgbò fi máa ń fi í bú ọmọ tiwọn. Kò jẹun láti àárọ̀.

"Mo ṣílẹ̀kùn, mo rí i nílẹ̀," ó wí. "Mo bẹ̀rẹ̀ kí n gbé e, orí mi yí, orúnkún mi yẹ̀. Mo rá jáde. Nígbà tí ara mi balẹ̀, mo pariwo."

"Kí lo rò pé ó ṣe ẹ́?"

"Ìbànújẹ́ ni."

"Ta ló ń yí obì nígbà tí bàbá wà nírìn àjò?"

"Èmi ni."

"Ewé inú apẹ̀rẹ̀ dà?"

"Wọ́n ti gbẹ. Mo kó wọn dà nù, mo fẹ́ wá òmíràn."

Ẹ̀rínọlá wo ìka rẹ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì ti bó, bí ìgbà tí nǹkan tó lẹ̀ le bá fa awọ ara ènìyàn. Kò bi í léèrè mọ́. Ó kí i kú àṣẹ̀yìndè, ó sì jáde.

Lẹ́bàá ọ̀nà, Ignace ra attiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tó jọ gàrí, àti ẹja dídín. Ó yọ ìwé ìròyìn láti àpò kó fi tẹ́ abẹ́ oúnjẹ, ó ti gbàgbé ohun tó wà nínú rẹ̀. Bó ṣe tú u, ó kígbe, ó sì fò dìde. Àwọn kòkòrò obì ń rìn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n forí lé ẹja rẹ̀.

"Chef, àwọn òkú ti jí."

Ẹ̀rínọlá lóṣòó tì wọ́n. Ó wò wọ́n fún ìgbà pípẹ́, kò bá a rẹ́rìn-ín. Ìyẹ̀fun kì í pa kòkòrò kó tún jí i. Májèlé inú kókò kò lè dé ọ̀dọ̀ eku. Ohun tó wà nínú yàrá yẹn pa gbogbo ohun tí ara rẹ̀ gbóná, ó sì fi àwọn ẹlẹ́jẹ̀ tútù sílẹ̀ nínú oorun.

"Padà sọ́dọ̀ Taïrou," ó sọ fún Ignace. "Bá mi yá àgbá ńlá kan tó ní ìdérí, kí ó kún fún obì tútù. Wá náílọ́ọ̀nù dì í lẹ́nu kí atẹ́gùn má lè wọ̀ ọ́."

"Ẹja mi ń kọ́?"

"Fi sílẹ̀ fún àwọn tó jí."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àsárì, àgbá náà wà láàárín àgbàlá Alhaji. Àṣàbí jókòó lórí ẹní, Taïrou dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, Bàsìt wà nítòsí ilẹ̀kùn. Nígbà tí Ignace mú Rahmatou wọlé, Àṣàbí gbé ojú kúrò.

"Kí lẹ tún mú un wá ṣe níbí?"

"Ẹ fara balẹ̀, Màmá," Ẹ̀rínọlá wí. "Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín kò gba àkókò."

Ó so àbẹ́là mọ́ okùn wáyà, ó tàn án. Ó tú náílọ́ọ̀nù ẹnu àgbá díẹ̀, ó sì rọra sọ àbẹ́là kalẹ̀ sínú rẹ̀. Iná náà kò tíì kan obì tó fi kú. Kò jà, kò sì ṣe fìrìfìrì, ó kàn kú. Ó fà á jáde, ó tún tàn án, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Ó tún kú.

"Mi ò ní fi adìyẹ dán an wò," ó wí. "Ọ̀kan tó kú ti tó."

"Kí lẹ fi sínú rẹ̀?" Taïrou béèrè.

"Obì nìkan. Bàbá Taïrou, ẹ ní kò sẹ́ni tó sọ ìdí ewé fún yín. Ìdí rẹ̀ nìyí. Obì tútù ń mí. Kò ní imú, ṣùgbọ́n ó wà láàyè, ó ń fa ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́, ó sì ń tu irú èyí tí àwa náà ń mí síta sílẹ̀. Bí a bá dì í sínú ewé, tí fèrèsé sì ṣí, kò séwu. Bí a bá di gbogbo ihò yàrá, obì kékeré yìí á mu ọ́síjìn ibẹ̀ tán pátápátá. Ẹni tó bá wọlé, àyà rẹ̀ á máa sáré wá afẹ́fẹ́. Tó bá fi máa mí lẹ́ẹ̀mejì sí i, ọpọlọ rẹ̀ ti sùn, orúnkún rẹ̀ ti yẹ̀. Èékánná bàbá ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé afẹ́fẹ́ ló wọ́n ọn. Adìyẹ tó tẹ̀lé e wọlé náà kú, eku kú, wọn ò mọ ohun tó ń jẹ́ kókò. Ara àwa tí ẹ̀jẹ̀ wa gbóná bí iná ni, tí kò bá rí ọ́síjìn, kíá ló máa ń kú. Kòkòrò ní tirẹ̀, tí afẹ́fẹ́ bá tán, á ká ẹsẹ̀ jọ, á sùn, á máa dúró. Àwọn kòkòrò tí mo kó níbẹ̀ ti jí sínú oúnjẹ Sájẹ́ǹtì mi."

Ignace mi orí pẹ̀lú ìbànújẹ́.

"Kókò Rahmatou kò pa ẹnikẹ́ni," Ẹ̀rínọlá wí. "Ẹni tó di fèrèsé ló ṣe é. Ojú àlẹ̀mọ́ ṣì wà lára ògiri. Ó ní kọ́kọ́rọ́, ó kó ewé dà nù, ó sì rò pé ọjọ́ Jímọ̀ ni bàbá máa dé." Ó yíjú, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. "Bàsìt. Bá wa gbé náílọ́ọ̀nù náà wá."

Bàsìt kò jiyàn. Ó wọlé, ó padà jáde pẹ̀lú náílọ́ọ̀nù funfun ńlá kan ní kíká, ó gbé e sílẹ̀ níwájú Àṣàbí, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja tì í.

"Kòkòrò ni mo fẹ́ pa," ó wí, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. "Bàbá ò fẹ́ ìyẹ̀fun. Gbogbo ọjọ́ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ yí obì, tí wọ́n ń ṣa èyí tó jẹrà, ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, wọn ò jẹ́ kí n gbà á. Mo rí i nínú fóònù, àwọn àgbẹ̀ tó ń di ẹ̀wà sínú àpò tí atẹ́gùn ò lè wọ̀. Kòkòrò kú láìsí oògùn. Mo ní ohun tó bá ẹ̀wà mu á bá obì mu. Mo fẹ́ kí wọ́n dé kí wọ́n bá a ní mímọ́. Mo fẹ́ kí wọ́n kàn jókòó, kí wọ́n sinmi."

"Ẹ̀wà gbígbẹ kì í mí tó bẹ́ẹ̀," Ẹ̀rínọlá wí. "Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn. Obì ò sùn."

"Mi ò mọ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ kí n gbé wọn, tí ojú mi ṣú, ìgbà yẹn ló yé mi. Mo rá jáde, mo mí, mo tún wọlé lọ fa gbogbo náílọ́ọ̀nù náà kúrò lójú fèrèsé. Mo pè wọ́n. Wọn ò dáhùn."

Àṣàbí gbé ọwọ́ lórí. "Bàsìt. O mọ̀, o sì ń wò mí bí mo ṣe ń ṣépè fún ọmọ ọlọ́mọ?"

"Mo la ẹnu, Màmá. Ohùn ò jáde. Mo ní àyẹ̀wò á jáde, wọ́n á rí i pé kò sí májèlé, wọ́n á dá a sílẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ fún yín pé èmi ni."

Ẹ̀rínọlá bẹ̀rẹ̀, ó gbé e dìde ní apá.

"Gbọ́ mi dáadáa," ó wí. "Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bàbá ẹ, ìfẹ́ ni, àìmọ̀ sì ni. Bí mo ṣe máa kọ ọ́ nìyẹn, mo sì máa sọ ọ́ níwájú adájọ́. Ṣùgbọ́n o jẹ́ kí obìnrin yìí sùn sórí ilẹ̀ àtìmọ́lé, kí wàrà ọmọ rẹ̀ máa dà nù sí aṣọ. Ìyẹn kì í ṣe àìmọ̀. Ìyẹn ni mo tìtorí ẹ̀ mú ọ."

Bàsìt mi orí. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tó ti ń gbé e lọ́kàn: "Ṣé ó jẹ wọ́n níyà?"

Ẹ̀rínọlá ronú kó tó dáhùn, nítorí kì í purọ́ fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. "Díẹ̀. Bí ìgbà tí ènìyàn gun òkè, tí èémí rẹ̀ já. Lẹ́yìn náà oorun gbé e lọ. Kò pẹ́ tó láti bẹ̀rù."

Àṣàbí ti dìde. Ó rìn lọ bá Rahmatou, ó sì fẹ́ kúnlẹ̀. Rahmatou sáré dì í mú lápá méjèèjì. "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Màmá. Ẹ̀yin lẹ ń ṣọ̀fọ̀." Àgbàlagbà náà dì mọ́ ọn, ó ń sunkún sí i léjìká. Rahmatou ń fọwọ́ rà á lẹ́yìn, òun tó ti àtìmọ́lé dé.

Bàsìt dúró níwájú rẹ̀. Kò lè gbójú sókè. "Rahmatou, forí jì mí."

Rahmatou tún ìborùn rẹ̀ so. "Ti bàbá, mi ò ní ẹ̀sùn kankan pẹ̀lú ẹ. Bàbá gan-an ti forí jì ẹ́, mo mọ̀ wọ́n. Èyí tó jẹ́ tèmi, jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ rí ọmọ mi."

Ó sì lọ.

Ignace kò fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Bàsìt lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó ní kó fi sí i. Wọ́n jókòó sínú mọ́tò, Ẹ̀rínọlá níwájú, Bàsìt lẹ́yìn. Ọ̀kánkán ilé Grâce ni mọ́tò wà, ilẹ̀kùn àgbàlá sì ṣí. Gbogbo wọn ló rí i. Grâce gbé ọmọ náà jáde, ó ń ké kíkan kíkan, ó ń ti gbogbo nǹkan dànù. Rahmatou nawọ́ gbà á, ó jókòó sórí àpótí, ó sí aṣọ lójú àyà. Ọmọ náà kọ́kọ́ kọ̀, ó yí orí síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ń bínú sí i. Rahmatou ń bá a sọ̀rọ̀, wọn ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Nígbà tó yá, ọmọ náà gba ọmú. Igbe dákẹ́. Èjìká ìyá rẹ̀ wá ń gbọ̀n.

Ignace ki kọ́kọ́rọ́ bọ iná mọ́tò.

"Ẹ jọ̀ọ́," Bàsìt wí láti ẹ̀yìn. Ohùn rẹ̀ le, ó sì jáde ketekete. "Ìró mọ́tò á dẹ́rù bà á. Ẹ jẹ́ kó mu ọmú tán ná."

Ignace wo Ẹ̀rínọlá. Ẹ̀rínọlá nawọ́, ó yọ kọ́kọ́rọ́ náà, ó sì gbé e lé itan. Wọ́n dúró.